Bí A Ṣe Lè Máa Fi Kámẹ́rà Onífíìmù Ya Fọ́tò ní Èkó Nígbà tí Owó Ìfọ̀ Ti Gòkè

Ẹni tí ó bá ṣì ń fi kámẹ́rà onífíìmù ya fọ́tò ní Èkó lónìí mọ̀ pé owó rólù fíìmù kọ́ ni òpin ìnáwó. Lẹ́yìn tí a bá ti ra fíìmù tán, a óò sanwó kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, a óò sanwó kí wọ́n tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà, bí a bá sì fẹ́ ẹ lórí pépà, owó ọ̀tọ̀ tún ni. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jọ̀wọ́ iye náírà fún ọjà, dọ́là kan tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi 460 náírà ní báńkì kọjá 1,500 láàárín ọdún 2024, bẹ́ẹ̀ sì ni fíìmù, kẹ́míkà àti ẹ̀yà ẹ̀rọ tí iṣẹ́ yìí ń lò, òkè òkun ni gbogbo wọn ti ń wá.

Ìdí mìíràn tún wà tí owó ìfọ̀ fi ń gòkè, tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í rí. Kẹ́míkà kì í kúrò nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ fíìmù aláwọ̀. Fíìmù tí ó ń wọlé lójoojúmọ́ ni ó ń jẹ́ kí wọ́n máa bu tuntun kún èyí tí ó ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí gbogbo ènìyàn láti Ìdúmọ̀tà dé Ojúẹlẹ́gba ṣì ń gbé fíìmù ìsọmọlórúkọ àti ti ìgbéyàwó lọ fọ̀, ìyẹn kò ni wọ́n lára. Nísinsìnyí tí fóònù ti gba iṣẹ́ náà, fíìmù díẹ̀ ni ó ń wọlé, afẹ́fẹ́ sì ń ba kẹ́míkà jẹ́ kí wọ́n tó lò ó tó bí ó ti yẹ, àwa díẹ̀ tí a kù ni a sì jọ ń pín owó èyí tí wọ́n dà nù san. N kò rí bí oníṣọ́ọ̀bù kan ṣe lè ṣe é kí ó má fowó lé e.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a torí èyí gbé kámẹ́rà sọnù, kò sì yẹ kí ìbẹ̀rù owó máa gbọ̀n wá lọ́wọ́ nígbà tí a bá gbé e sójú. Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni kí a pín iṣẹ́ náà sí méjì: kí a máa fọ fíìmù dúdú-àti-funfun fúnra wa nínú ilé, kí a sì fi owó ṣọ́ọ̀bù pamọ́ fún fọ́tò tí ó jẹ́ pé àwọ̀ inú rẹ̀ gan-an ni a torí rẹ̀ yà á. Ẹni tí ó ti ní kámẹ́rà lọ́wọ́, tí ó mọ bí a ti ń ki fíìmù bọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò tíì fọ ọ̀kan fúnra rẹ̀ rí, ni mo kọ èyí fún.

Iye tí fọ́tò kan ń ná yín

Ẹ kọ iye tí ẹ ra rólù kan sílẹ̀, kí ẹ fi owó ìfọ̀ kún un, kí ẹ fi owó tí wọ́n fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà àti owó ọkọ̀ àlọ-àtàbọ̀ kún un, kí ẹ wá pín àpapọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà 36, ìyẹn iye fọ́tò tí rólù 35mm kan ń gbà. Iye tí ó bá jáde ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ yín ní gbogbo ìgbà tí ìka yín bá tẹ bọ́tìnnì. Bí ó bá jẹ́ fíìmù 120, èyí tí ó fẹ̀ ju 35mm lọ, ni ẹ ń lò nínú kámẹ́rà tí fọ́tò rẹ̀ dọ́gba ní ìbú àti òró, bíi Yashica Mat 124G, 12 péré ni ẹ óò fi pín in. Kámẹ́rà 6×7 kò sì ní fún yín ju 10 lọ. Kò sí ẹni tí ó ṣe ìṣirò yìí tí kò yí ọwọ́ padà, nítorí pé fọ́tò mẹ́ta tí a máa ń yà lé ara wọn lórí ohun kan ṣoṣo, nítorí kí a lè rí ọ̀kan mú, á di owó gidi lójú ẹni.

Ọ̀nà kan wà láti mú iye yẹn wálẹ̀ láìfọwọ́ kan ṣọ́ọ̀bù rárá. Ní ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ Olympus gbé kámẹ́rà Pen jáde, èyí tí Yoshihisa Maitani ṣe, tí ó ń ya fọ́tò méjì sí àyè tí kámẹ́rà mìíràn ń lò fún ọ̀kan, tí rólù 36 fi ń di 72. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó bọ́. Bí a bá fẹ́ fọ́tò ńlá tí a óò gbé kọ́ sára ògiri, hóró inú fíìmù náà yóò hàn ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n fún ìwé àwòrán inú ilé àti fún ojú fóònù, ó pọ̀ tó. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ̀yin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín dáwó jọ ra fíìmù olópòó, èyí tí ó gùn ní mítà 30.5, tí ẹ óò sì máa gé e sínú agolo rólù fúnra yín. Ó máa ń tó nǹkan bíi rólù 18 tí ó ní 36. Àǹfààní tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ẹ lè gé rólù kúkúrú tí ó ní 12 péré, kí ẹ fi dán kámẹ́rà wò tàbí kí ẹ fi kọ́ ọwọ́, láìsí pé ẹ ń dúró kí 36 tó pé.

Kámẹ́rà tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé

Bóyá inú àpótí bàbá yín ni ẹ ti rí kámẹ́rà yín, bóyá láàárín ẹrù tòkunbọ̀ ni, ẹ kò gbọdọ̀ fi fíìmù gidi sínú rẹ̀ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ láìsí fíìmù, kí ẹ kọjú lẹ́ńsì sí ojú ọ̀run, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ní ìyára ìṣẹ́jú àáyá kan, ní 1/60, lẹ́yìn náà ní 1/1000. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ óò gbọ́ bí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ṣe ń rìn geere títí yóò fi pa dé. Bí ó bá há sáàárín, tàbí tí ìró rẹ̀ ń fà, ọ̀rá inú rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn sínú lẹ́ńsì láti ẹ̀yìn: bí ẹ bá rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ta gbòǹgbò sára dígí, ó ti bu, ọ̀rinrin Èkó yóò sì máa bọ́ ọ bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì aláwọ tí wọ́n fún yín pẹ̀lú rẹ̀. Inú ike tí ó pa dé dáadáa, pẹ̀lú àpò kékeré tí ń fa ọ̀rinrin, ni kí lẹ́ńsì máa sùn.

Kámẹ́rà tí ṣọ́tà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn láti wá. Pentax K1000 tí ó jáde ní 1976 àti Nikon FM tí ó tẹ̀lé e ní 1977 kò nílò bátìrì ju fún mítà ìmọ́lẹ̀ lọ. Canon AE-1, tí òun náà jáde ní 1976, kò lè ṣí ṣọ́tà rẹ̀ rárá bí bátìrì bá kú. Àwọn kámẹ́rà tí ó dàgbà jù wọ́n lọ máa ń béèrè bátìrì mákúrì oní-fóólìtì 1.35 tí wọn kò ṣe mọ́, bí ẹ bá sì fi oní-1.5 rọ́pò rẹ̀, mítà lè máa parọ́ fún yín.

Ohun kan tí ó ń ba rólù jẹ́ láìsọ̀rọ̀ ni fóòmù dúdú tí ó wà nínú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kámẹ́rà ń wọ̀ sí. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ó ti di ohun tí ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ wọlé, tí ó fi ń fi ìlà funfun kọjá lórí fọ́tò. Ẹ fi igi ìtayín àti òwú tí ẹ fi sípíríìtì rẹ̀ díẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ kúrò, láìjẹ́ kí ègé kan bọ́ sórí ṣọ́tà, kí ẹ wá mú òwú wúùlù dúdú tí àwọn onídìrí fi ń dirun, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú kòtò náà, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ mú un ní ìkángun méjèèjì. Owó kékeré ni ẹ óò fi rà á ní Tẹ̀júoṣó tàbí lọ́jà yòówù tí ó bá súnmọ́ yín, ó sì ń dí ìmọ́lẹ̀ gidi.

Ìmọ́lẹ̀ Èkó àti ojú ènìyàn

Fọ́tò tí ó ṣòfò jù ni èyí tí ìmọ́lẹ̀ kò tó lórí rẹ̀, nítorí pé kò sí bí a ti lè fọ̀ ọ́ tí ohun tí kò sí lórí fíìmù yóò fi hàn. Fíìmù nẹ́gẹ́tíìfù, èyí tí dúdú ti ń di funfun lórí rẹ̀, máa ń fara da ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀jù ní ìdíwọ̀n kan tàbí méjì (ìdíwọ̀n kan ni ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀), ṣùgbọ́n kì í fara da èyí tí ó kéré. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, kí ẹ ṣí ihò lẹ́ńsì sí i.

Bí mítà yín bá ti kú, ẹ má ṣe dààmú. Ní ọ̀sán tí oòrùn ń ràn gan-an láìsí kùrukùru, ẹ fi ihò lẹ́ńsì sí f/16, kí ẹ fi ìyára ṣọ́tà sí iye tí ó súnmọ́ nọ́ńbà ISO fíìmù yín jù lọ, nọ́ńbà ara páálí rẹ̀ tí ń sọ bí ó ti ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, ìyẹn 1/500 fún ISO 400 àti 1/125 fún ISO 100. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo oòrùn lójú, f/11 ni. Bí òjò bá ṣú díẹ̀, f/8. Bí ó bá ṣú dudu, f/5.6. Lábẹ́ òrùlé àwọn ilé ìtajà Balógun, níbi tí oòrùn kò dé tààrà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti f/4. Ẹ rántí pé nǹkan bíi ìwọ̀n mẹ́fà àbọ̀ péré ni Èkó fi jìnnà sí agbede-méjì ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán máa ń dúró sí àtàrí, á sì fi òjìji dí kòtò ojú ènìyàn. Ìrọ̀lẹ́ náà kì í sì í pẹ́ kí ó tó ṣú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya ojú ènìyàn dáadáa ní Campos tàbí ní Marina, kí ó lọ kí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù, tàbí kí ó dúró de lẹ́yìn aago mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ agbádá funfun ló ń kó ọ̀pọ̀ rólù sí wàhálà. Ẹ ronú nípa ọkọ ìyàwó tí ó dúró níta ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú agbádá funfun báláú, tí awọ ara rẹ̀ sì dúdú. Mítà inú kámẹ́rà kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí aṣọ. Ó kàn ń wá bí gbogbo ohun tí ó rí yóò ṣe di àwọ̀ eérú. Bí ó ti rí funfun tí ó kún iwájú rẹ̀, yóò ní kí ẹ pa ihò lẹ́ńsì dé sí i, aṣọ yóò sì jáde dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ọkọ ìyàwó yóò di dúdú kan tí kò ní imú, tí kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ má ṣe bi aṣọ léèrè. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ yín sínú ìmọ́lẹ̀ kan náà tí ó wà lójú rẹ̀, kí ẹ fi mítà wọn àtẹ́lẹwọ́ náà nìkan, kí ẹ sì ṣí ihò lẹ́ńsì ní ìdíwọ̀n kan sí ohun tí mítà sọ. Àtẹ́lẹwọ́ gbogbo wa, dúdú tàbí pupa, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra wọn nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó ń dá padà, nítorí náà ni ìdíwọ̀n yìí fi ṣeé gbára lé. Nígbà tí ẹ bá ti mọ iye náà, ẹ má tún un wọ̀n mọ́ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi yí padà. Ẹ kàn wo ojú ẹni tí ẹ ń yà.

Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè lọ́jà, ẹ kí ènìyàn, kí ẹ sì tọrọ àyè. Fíìmù ti wọ́n jù fún kí a máa fi ya ẹni tí ó ń fọwọ́ bo ojú.

Fífọ fíìmù dúdú-àti-funfun nínú ilé

J.D. 'Okhai Ojeikere, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Ketu, tí ó sì di olóògbé ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí ya onírúurú irun dídì àwọn obìnrin wa ní 1968, dúdú-àti-funfun ni ó sì fi ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá ti rí i bí ìlà òwú kọ̀ọ̀kan ṣe hàn lórí àwọn irun wọ̀nyẹn kò ní rò pé fíìmù aláìláwọ̀ jẹ́ ohun àfidípò. Fíìmù yìí náà ni ó rọrùn jù láti fọ̀, nítorí pé ooru rẹ̀ kò le koko bí ti aláwọ̀, kẹ́míkà rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ohun tí ẹ óò rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni táńkì ìfọ̀ bíi ti Paterson, àpò dúdú tí a ń ki ọwọ́ bọ̀, tẹmómítà tí ó péye, ife ìdíwọ̀n, àti ìgò tí ó pa dé dáadáa. Èyí tí ẹ óò máa rà lásìkò ni dẹfẹ́lópà, kẹ́míkà tí ń mú fọ́tò hàn lórí fíìmù, àti fíkísà, èyí tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bà á jẹ́ mọ́ lẹ́yìn náà. Ohun èlò tí ó bá ti kan kẹ́míkà kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná mọ́ láéláé, bí ọmọdé bá sì wà nílé, ẹ kọ ohun tí ó wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan sí i lára, kí ẹ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Kíki fíìmù sórí rílì inú táńkì ni ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró, kì í ṣe kẹ́míkà. Ẹ wá fíìmù kan tí ó ti bàjẹ́, kí ẹ fi kọ́ ọ lójú mọ́mọ́ títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ di ojú, kí ẹ tó wá ṣe é nínú àpò dúdú. Ẹ gé etí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù méjèèjì díẹ̀ kí ó rí kìrìbìtì, kí ẹ tì í kọjá àwọn bọ́ọ̀lù irin kékeré méjì tí ó wà lẹ́nu rílì, kí ẹ wá máa yí apá kan síwájú, kí ẹ yí i sẹ́yìn, fíìmù yóò sì máa wọlé. Ooru Èkó máa ń mú kí ọwọ́ làágùn nínú àpò yẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, rílì tí ó bá sì ti tutù díẹ̀ yóò di fíìmù mú pinpin, kò ní lọ síwájú, kò ní padà sẹ́yìn. Ẹ gbẹ rílì dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì ṣe é ní òru tàbí ní ìdájí. Bí ó bá há, ẹ má fagbára tì í. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sínú táńkì nínú àpò náà, kí ẹ dé e, kí ẹ yọ ọwọ́, kí ẹ sinmi, kí ẹ tó padà sí i.

Ọ̀tá wa gan-an ni ooru omi. Ìwọ̀n 20 lórí tẹmómítà Sẹ́síọ́ọ̀sì ni àwọn tí ó ń ṣe kẹ́míkà fi ń ṣírò àkókò, bẹ́ẹ̀ sì ni omi táńkì orí òrùlé wa lè kọjá 30 ní ọ̀sán. Bí dẹfẹ́lópà bá gbóná, ó ń ṣiṣẹ́ kíákíá, bí àkókò ìfọ̀ bá sì ti dín sí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ṣòro kí gbogbo ojú fíìmù tó dọ́gba. Ọgbọ́n méjì ni ẹ óò dá pọ̀. Àkọ́kọ́, ẹ po dẹfẹ́lópà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ó lè pẹ́ sí i: fíìmù Ilford HP5 Plus nínú dẹfẹ́lópà ID-11 tí a kò là ń gba ìṣẹ́jú 7 àbọ̀ ní ìwọ̀n 20, ṣùgbọ́n bí a bá fi omi là á ní ìdajì sí ìdajì, ó di ìṣẹ́jú 13. Èkejì, ẹ má ṣe máa lé ìwọ̀n 20 kiri; ẹ jẹ́ kí 24 tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ sì dín àkókò kù, kí ìṣẹ́jú 13 yẹn di nǹkan bíi 9. Láti dé 24, ẹ da omi sínú bàsíà, kí ẹ to gbogbo ìgò kẹ́míkà sínú rẹ̀ pẹ̀lú omi tí ẹ óò fi ṣan fíìmù, kí ẹ wá ju pió wọ́tà tí ó ti dì méjì tàbí mẹ́ta sínú bàsíà náà láìtú ọ̀rá rẹ̀. Ẹ máa fi tẹmómítà yẹ dẹfẹ́lópà wò, kí ẹ sì yọ yìnyín kúrò nígbà tí ó bá ku ìwọ̀n kan. Yìnyín kò gbọdọ̀ wọ inú kẹ́míkà fúnra rẹ̀, nítorí pé á là á. Gbogbo omi tí yóò kan fíìmù kò gbọdọ̀ yàtọ̀ síra wọn ju ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú fíìmù lè hun jọ.

Fún fíìmù 35mm kan, mìlílítà 290 ni táńkì Paterson ń gbà. Fún 120, ó jẹ́ 500. Ẹ da dẹfẹ́lópà sínú rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ka àkókò, kí ẹ yí táńkì dojú dé, kí ẹ tún yí i padà, ní ìgbà mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí ẹ sì rọra gbá ìdí rẹ̀ mọ́ tábìlì kí ìfóófòó lè kúrò lára fíìmù. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ má yí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má sì gbàgbé rẹ̀ láti gba ìpè. Nígbà tí àkókò bá pé, ẹ da dẹfẹ́lópà tí a ti là náà nù, nítorí kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ fi omi ṣan táńkì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ wá da fíkísà sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Fíkísà kì í ṣe ohun tí a ń dà nù lẹ́yìn ìlò kan: lítà kan Ilford Rapid Fixer tí a pò ní ọ̀kan sí mẹ́rin lè ṣe tó rólù 24, nítorí náà, ẹ dá a padà sínú ìgò rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ó ṣì dára, ẹ ju ègé etí fíìmù tí ẹ gé sínú rẹ̀, kí ẹ ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi mọ́lẹ̀ kedere, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ìyẹn bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ po òmíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Àwọn oníṣẹ́ fọ́tò àtijọ́ máa ń pe fíkísà ní háípò. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Hypo tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Èyí tí a fi ń fọ aṣọ yóò bó gbogbo fọ́tò kúrò lórí fíìmù, bí ó bá sì pàdé kẹ́míkà kíkan, èéfín olóró ni yóò jáde.

Ẹni tí ó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà kò lè máa ṣí ẹ̀rọ omi sórí fíìmù fún ìdajì wákàtí, kò sì pọn dandan. Ẹ fi omi kún táńkì, kí ẹ yí i ní ìgbà márùn-ún, kí ẹ dà á nù. Ẹ fi omi mìíràn kún un, kí ẹ yí i ní ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ dà á nù. Ẹ ṣe ẹ̀kẹta ní ìgbà 20. Ilford fúnra wọn ni wọ́n fi ọ̀nà yìí lélẹ̀, lítà omi kan kò sì ní tán fún rólù 35mm kan. Fún èyí tí ó kẹ́yìn, ẹ lo omi inú ọ̀rá tàbí ti inú ìgò pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan péré, nítorí omi kànga dẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò máa ń fi àmì funfun sílẹ̀ bí ó bá gbẹ. Ẹ gbé fíìmù kọ́ sínú balùwẹ̀ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ níbẹ̀, kí ọ̀rinrin ti mú eruku wálẹ̀, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ má sì tan fáànù.

Bí dẹfẹ́lópà kò bá sí lárọ̀ọ́wọ́tó

Ní ọdún 1995, Scott Williams àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Rochester Institute of Technology ní Amẹ́ríkà fi hàn pé kọfí lè fọ fíìmù dúdú-àti-funfun. Láti ìgbà náà ni àwọn mìíràn ti fi fítámì C kún un, tí ó fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Fún lítà omi kan, ẹ ó wá gíráàmù 54 sódà áàṣì, gíráàmù 16 fítámì C tí kò ní ṣúgà tàbí àwọ̀ nínú, àti gíráàmù 40 kọfí lẹ́búlẹ́bú, irú èyí tí ń yọ́ nínú omi lójú ẹsẹ̀, tí kò sì ní mílíìkì nínú. Sódà ni yóò kọ́kọ́ wọ omi, kí ó yọ́ tán, kí fítámì C tẹ̀lé e, kí kọfí wá kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìfóófòó rẹ̀ lọ sílẹ̀, kí ẹ sì lò ó láàárín wákàtí kan. Ìṣẹ́jú 15 ni ní ìwọ̀n 20. Fíìmù ISO 100 ni ó bá a mu jù. Òórùn rẹ̀ kò dára rárá, ẹ ṣí fèrèsé.

Sódà áàṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta èròjà ọṣẹ, ó sì wà ní ọjà kẹ́míkà Ọjọ́ta. Ẹ rí i dájú pé kì í ṣe kọ́sítíìkì sódà ni wọ́n wọ̀n fún yín, nítorí pé ìyẹn ń jó ara, yóò sì ba fíìmù jẹ́. Ibẹ̀ náà ni ẹ lè ti béèrè fún èròjà D-76, tí Kodak gbé jáde láti 1927, tí gbogbo ayé sì mọ bí a ṣe ń pò ó: metol gíráàmù 2, sodium sulphite gíráàmù 100, hydroquinone gíráàmù 5 àti borax gíráàmù 2 nínú lítà kan. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba sulphite díẹ̀ sínú omi tí ó gbóná tó ìwọ̀n 50, kí metol tẹ̀lé e kó yọ́, kí ìyókù wá wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí metol kì í yọ́ dáadáa nínú omi tí sulphite ti kún. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì bo imú. Metol máa ń yún awọ ara àwọn kan.

Fíìmù aláwọ̀

Àwọ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí Ẹ̀yọ̀ bá jáde ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí fìlà àkẹtẹ̀ pupa àti ti àwọ̀ ewé ń fi ilé ìga kan hàn yàtọ̀ sí èkejì, fíìmù dúdú-àti-funfun yóò gbé ìtumọ̀ kan sọnù. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ní kí ẹ fi owó pamọ́ fún. Bí ẹ bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ sọ pé kí wọ́n fọ̀ ọ́ nìkan, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí wọ́n má sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà, nítorí èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ẹ lè fi fóònù ṣe nílé. Ẹ kó rólù jọ, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì nínú ike tí ó dé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá oṣù méjì, nítorí pé fọ́tò tí a ti yà tí a kò tíì fọ̀ máa ń ṣá díẹ̀díẹ̀ nínú ooru. Rólù tí ẹ bá yọ nínú fíríìjì kò gbọdọ̀ kúrò nínú ike rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, kí ìrì má baà sẹ̀ sí i lára.

Ó ṣeé ṣe láti fọ aláwọ̀ nílé. Ìwọ̀n 38 ni kẹ́míkà C-41 ń béèrè, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 15 sì ni dẹfẹ́lópà rẹ̀. Ní Èkó, ó rọrùn láti mú omi gbóná láti 29 dé 38 ju láti mú un tutù dé 20 lọ, bàsíà omi gbígbóná kan ti tó. Ṣùgbọ́n ooru náà kò gbọdọ̀ yẹ̀ ju ìdajì ìwọ̀n kan lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọ̀ ara yóò yí sí búlúù tàbí sí pupa, kẹ́míkà tí ẹ bá sì ti pò kì í pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Àfi kí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín kó rólù bíi mẹ́jọ jọ, kí ẹ fọ gbogbo rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, owó náà kò ní bọ́ sí i.

Bí ẹbí yín kan bá ń bá yín ra fíìmù bọ̀ láti òkè òkun, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe kó o sínú ẹrù tí yóò lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Kí ó gbé e dání nínú ọ̀rá tí a lè rí inú rẹ̀, kí ó sì rọ àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú láti fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ìtànṣán inú ẹ̀rọ ayẹ̀wò ẹrù, pàápàá CT tuntun, máa ń ba fíìmù jẹ́.

Lẹ́yìn ìfọ̀

Ẹ gé fíìmù tí ó ti gbẹ sí mẹ́fà-mẹ́fà, kí ẹ di etí rẹ̀ mú, kí ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Láti gbé e sórí fóònù, ẹ fi pátákó iná pẹlẹbẹ sí abẹ́ rẹ̀. Bí ojú fóònù mìíràn ni ẹ ń lò bí iná, ẹ gbé nẹ́gẹ́tíìfù kúrò lára rẹ̀ díẹ̀ kí àwọn àmì tóótòòtó inú dígí rẹ̀ má baà hàn. Ẹ pa gbogbo iná yàrá, kí fóònù tí ẹ fi ń yà á dúró gangan lókè rẹ̀, kí ẹ sì yí dúdú padà sí funfun pẹ̀lú áàpù. Nẹ́gẹ́tíìfù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú sínú àpò pépà tàbí ike tí ó wà fún un, pẹ̀lú ọjọ́, ibi tí ẹ ti yà á àti orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀, kí ẹ fi í sí ibi gbígbẹ tí kò súnmọ́ ilé ìdáná tàbí balùwẹ̀.

Fíkísà tí ó ti ṣiṣẹ́ tán ní fàdákà nínú, kò sì yẹ kí ó wọ gọ́tà tàbí kí ó súnmọ́ kànga. Ẹ gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì ike, kí ẹ ju okùn irin tí a fi ń fọ ìkòkò sínú rẹ̀, irú èyí tí ń dípẹtà, kí ẹ fi í sílẹ̀ níta pẹ̀lú ìdérí tí kò le pinpin fún ọjọ́ mélòó kan. Fàdákà yóò kúrò nínú omi, yóò wálẹ̀ sí ìdí kẹ́ẹ̀gì bí ẹrẹ̀ dúdú, ẹ sì lè máa kó ẹrẹ̀ náà jọ títí yóò fi tó ohun tí ẹ óò gbé fún ẹni tí ń yọ́ fàdákà.